Kí ni a lè retí lọ́wọ́ lọ́yà tí a gbà kó bá wa yẹ ilẹ̀ wò ní Èkó?

Àbẹ̀kẹ́ Súrùlérè
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Wọ́n ń ta ilẹ̀ kan fún èmi àti àbúrò mi lọ́nà Ìmọ̀tà, ní Ìkòròdú. Ẹni tó ń tà á ní ẹbí òun ní gàsẹ́ẹ̀tì (ìwé ìkéde ìjọba), ó ní sọ́fè (ìwé ìwọ̀n ilẹ̀) wà nílẹ̀, ó sì kó rìsíìtì àwọn tó ti rà ṣáájú síta fún wa. A fẹ́ gba lọ́yà kí a tó san kọ́bọ̀ kan. Àwọn kan ní bí lọ́yà bá ti lè sọ pé ilẹ̀ dára, kò séwu mọ́. Àwọn mìíràn ní ìwé lásán ni yóò kọ, yóò gbowó rẹ̀, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Kí ló yẹ kí n retí lọ́wọ́ lọ́yà, kí sì ni kò sí lágbára rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí dájú ni kó dá mi lóhùn.

Agbẹjọ́rò Yàbá
Ẹ kú òye, Àbẹ̀kẹ́. Ó dára tí ẹ béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Kò sí lọ́yà tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹnikẹ́ni kò ní bá yín du ilẹ̀ yẹn láéláé. Èyí tó bá ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀, ẹ wá òmíràn. Ohun tó wà lágbára rẹ̀ ni kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín: ohun tí àkọsílẹ̀ ìjọba wí nípa ilẹ̀ náà lọ́jọ́ tó lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí ìwé ẹni tó ń tà wí, ibi tí méjèèjì ti tako ara wọn, àti ewu tó ṣì kù. Ẹ̀yin ni yóò pinnu bóyá ewu tó kù yẹn tó èyí tí ẹ lè gbà.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò gan-an, ó ní ibi mẹ́rin tó ń gbà, ó kéré tán. Ibi àkọ́kọ́ ni ilé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní Aláúsá, Ìkẹjà. Bí ẹni tó ń tà bá ní C of O (ìwé ẹ̀rí tí ìjọba fi ń fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀) tàbí deed (ìwé tí ẹni tó ta ilẹ̀ fi gbé e fún ẹni tó rà á) tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, nọ́ńbà, ojú ìwé àti volume rẹ̀ ni a ó fi wá fáìlì náà jáde. Níbẹ̀ ni a ó ti rí orúkọ ẹni tó ni ín lónìí, bóyá ó ti fi ilẹ̀ náà yáwó ní báńkì, àti bóyá ẹnikẹ́ni ti kọ̀wé síbẹ̀ pé kí wọ́n má tà á. (Ẹ̀yin tó ń ra nǹkan ní Ìkòyí, ẹ rántí pé ilẹ̀ mìíràn níbẹ̀, lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ìwé rẹ̀ wà. Ẹni tó bá lọ wá a ní Aláúsá nìkan, ibi tí kò sí ló ti ń wá a.)

Ẹ fi ohun tí mo fẹ́ sọ yìí sọ́kàn. Ilẹ̀ ẹbí tí kò ní ju gàsẹ́ẹ̀tì lọ kì í sábà ní fáìlì tirẹ̀ ní ilé ìforúkọsílẹ̀ yẹn. Nítorí náà, bí lọ́yà bá padà dé tó ní "Mo dé Aláúsá, n kò rí ìṣòro kankan", ẹ bi í pé: ṣé ó rí fáìlì tó mọ́ ni, àbí kò rí fáìlì rárá? Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ oníbàárà máa ń gbọ́ èkejì bí ẹni pé èkíní ni.

Ibi kejì ni ọ́fíìsì Surveyor-General, ní Aláúsá bákan náà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe charting, ìyẹn wíwo orí máàpù ìjọba bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà mọ́ra. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún Awọnlẹ̀. Ibi kẹta ni ilé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ kò to ìwé rẹ̀ ní orúkọ ilẹ̀, orúkọ ẹni tó pe ẹjọ́ àti ẹni tí wọ́n pè ni wọ́n fi ń tò ó, nítorí náà bí lọ́yà kò bá mọ orúkọ gbogbo ẹ̀ka ẹbí náà, ẹjọ́ lè wà nílẹ̀ kó má rí i. Iná tó jó ilé ẹjọ́ gíga ní Igbóṣéèrè ní oṣù kẹwàá 2020 tún ba ọ̀pọ̀ ìwé jẹ́, ìyẹn kan àwọn tó ń ra nǹkan ní Erékùṣù jù. Bí lọ́yà bá sọ fún yín pé òun kò rí ẹjọ́ kankan, ẹ gbà á bó ṣe sọ ọ́. Kò sọ pé kò sí ẹjọ́.

Ibi kẹrin ni ojú ilẹ̀ àti àwọn aládùúgbò. Lọ́yà mìíràn kì í débẹ̀ rárá, torí kò bá oníbàárà rẹ̀ ṣàdéhùn pé òun yóò dé ibẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún un.

Awọnlẹ̀ Ìkòròdú
Lọ́yà ti gbé e kalẹ̀ dáadáa. Kí n wá tú ibi kejì yẹn, torí ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá lọ.

Ẹ má retí pé lọ́yà ni yóò ṣe charting fún yín. Kì í ṣe iṣẹ́ tó kọ́. Sọ̀féyọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SURCON (ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ sọ̀féyọ̀) ni kó dé ojú ilẹ̀, kó fi ẹ̀rọ mú coordinates (nọ́ńbà tó ń fi ibi tí nǹkan wà lórí máàpù hàn) gbogbo igun rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó tó gbé wọn lọ sí Aláúsá. Ìdí ni pé ẹni tó ń ta ilẹ̀ lè gbé sọ́fè ilẹ̀ kan tó mọ́ fún yín, kó sì mú yín lọ wo ilẹ̀ mìíràn. Bí ẹ bá mú ìwé sọ́fè yẹn nìkan lọ ṣe charting, èsì tó dára ni yóò jáde, òótọ́ sì ni èsì náà, àmọ́ kì í ṣe ilẹ̀ tí ẹ máa kọ́lé lé lórí ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún nọ́ńbà tí wọ́n bá fi fóònù mú. Sọ́fè tiwa ní Èkó, Minna datum, ìlànà ìwọ̀n ilẹ̀ ti Nàìjíríà, la fi ń ṣe é. Fóònù àti Google Maps, ìlànà mìíràn tó ń jẹ́ WGS84 ni tiwọn. Bí ẹnìkan bá mú nọ́ńbà fóònù tó sì kọ ọ́ bí ẹni pé ti Minna ni, ilẹ̀ náà lè sún tó ọgọ́rùn-ún mítà kúrò ní àyè rẹ̀ lórí máàpù. Ọgọ́rùn-ún mítà tó láti yọ ilẹ̀ kúrò nínú èyí tí ìjọba gbà, kó sì gbé e sínú ilẹ̀ abúlé, lórí ìwé nìkan.

Nígbà tí èsì charting bá dé, ọ̀nà mẹ́ta ló sábà máa ń gbà. Ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ náà kò sí lábẹ́ ìgbàmọ́ ìjọba. Ó lè wà lábẹ́ èyí tí a ń pè ní global acquisition: ìjọba gba agbègbè ńlá kan, kò tíì sọ ohun tó fẹ́ fi ibí yìí gan-an ṣe, ó ṣeé ṣe kó yọ̀ǹda rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú tàbí kó gbà kí ẹ san owó àtúnṣe ìwé. Tàbí kó jẹ́ committed: ìjọba ti yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀nà, ilé ìwé, ẹ́síteètì tàbí nǹkan mìíràn. Kò sí lọ́yà tó lè tún ti committed ṣe. Ẹni tó bá ní òun mọ èèyàn ní Aláúsá tó máa bá yín yanjú rẹ̀, owó yín ló ń wá.

Ọ̀rọ̀ pílọ́ọ̀tì náà tún wà. "Pílọ́ọ̀tì kan" kì í ṣe òdiwọ̀n. 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120 jẹ́ nǹkan bíi 669 mítà onígun mẹ́rin. 50 sí 100 jẹ́ nǹkan bíi 465. Àwọn ẹ́síteètì mìíràn ń pe 300 ní pílọ́ọ̀tì. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ iye mítà onígun mẹ́rin sínú àdéhùn, pẹ̀lú nọ́ńbà sọ́fè àti nọ́ńbà pílà (òpó sìmẹ́ńtì tí sọ̀féyọ̀ rì sí igun ilẹ̀) kọ̀ọ̀kan. Deed tó kàn sọ pé "pílọ́ọ̀tì méjì lọ́nà Ìmọ̀tà" kò sọ nǹkan kan.

Àbẹ̀kẹ́ Súrùlérè
Ẹ ṣeun gan-an ni o. Àmọ́ gàsẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi hàn wá ńkọ́? Mo rò pé gàsẹ́ẹ̀tì ti fi hàn pé ìjọba mọ̀ pé àwọn ló ni ín.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Rárá o. Gàsẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ìwé ilẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú ẹbí. Ohun tó wí kò ju pé ìjọba, tó ti gba ilẹ̀ agbègbè kan mọ́ra tẹ́lẹ̀, yọ ìwọ̀n báyìí nínú rẹ̀ padà fún abúlé báyìí. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín wo orúkọ abúlé náà, nọ́ńbà gàsẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ rẹ̀, ojú ìwé, àti iye hẹ́kítà tí wọ́n yọ̀ǹda. Ẹ̀dà tí ọwọ́ ìjọba wà lórí rẹ̀ ni kó gbà, kì í ṣe fọ́tòkọ́pì tí ẹni tó ń tà fún yín. Lẹ́yìn náà kí sọ̀féyọ̀ fi coordinates ilẹ̀ tiyín wé ti gàsẹ́ẹ̀tì. Gàsẹ́ẹ̀tì abúlé tó múlé gbè yín ni wọ́n sábà máa ń fi hàn, òótọ́ ni ìwé náà, àmọ́ ilẹ̀ yín kò sí nínú rẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá sì wà nínú rẹ̀, ó kù ká mọ ẹbí tó ni apá ibẹ̀, torí abúlé kan lè ní ẹbí mẹ́ta mẹ́rin.

Níbi ẹbí yìí gan-an ni lọ́yà ti máa ṣiṣẹ́ tí ẹ máa rí àǹfààní rẹ̀. Òfin ilẹ̀ ẹbí ti fìdí múlẹ̀ tipẹ́, láti inú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959. Bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí olórí ẹbí bá tà á, tí àwọn àgbà ìdí-igi kò sì mọ̀ sí i, títà náà wà, ṣùgbọ́n wọ́n lè lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n fagi lé e. Bí olórí ẹbí náà bá wá tà á bí ẹni pé ilẹ̀ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, òfo ni ìyẹn náà.

Nítorí náà ìbéèrè tí lọ́yà yín gbọ́dọ̀ mú ìdáhùn rẹ̀ wá ni: ta ni olórí ẹbí lónìí, ta ló fi í jẹ, ìdí-igi mélòó ló wà, ta ni àgbà ní ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, ṣé ẹnikẹ́ni nínú wọn wà ní kóòtù? Gbogbo wọn ni kó fọwọ́ sí deed, kí wọ́n kọ orúkọ ìdí-igi tí oníkálukú ń ṣojú fún sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Rìsíìtì àwọn tó ti rà ṣáájú kò fi hàn ju pé àwọn ẹlòmíràn náà ti sanwó. Ẹ má jẹ́ kó fi yín lọ́kàn balẹ̀.

Dúró Múṣin
Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Bí lọ́yà kò bá lè fọwọ́ sọ̀yà, tí sọ̀féyọ̀ ló ń ṣe charting, tí a tún ní láti lọ béèrè nípa ẹbí, kí ló dé tí a fi ń san ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilẹ̀ fún un? Tí nǹkan bá sì bàjẹ́, ṣé yóò dá owó padà?

Agbẹjọ́rò Yàbá
Dúró, ìbéèrè tó yẹ ni. Èmi fúnra mi rò pé oníbàárà kò béèrè rẹ̀ tó.

Legal Practitioners Act, òfin tó ń darí iṣẹ́ lọ́yà, sọ ní ẹ̀ka 9 pé lọ́yà tó bá fi àìkíyèsí ṣe iṣẹ́ oníbàárà rẹ̀, tí ìyẹn sì mú àdánù wá, yóò dáhùn fún un. Bí ẹ bá san owó fún iṣẹ́ náà, kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó lè kọ sínú àdéhùn tó máa yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀bi yẹn. Òfo ni irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe é fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ó lè sọ tẹ́lẹ̀ pé òun kò gba ẹ̀bi. Ẹ rò ó wò kí ẹ tó ní kí ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n yín tó jẹ́ lọ́yà "kàn bá wa wò ó" láìgba nǹkan kan.

Àmọ́ ẹ má da àìkíyèsí pọ̀ mọ́ oríburúkú. Lọ́yà tó sọ pé òun lọ yẹ ìwé wò tí kò lọ, ẹ̀bi ni. Èyí tó rí i pé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ báńkì tí kò sọ fún yín, ẹ̀bi ni. Èyí tó jẹ́ kí ọmọ ẹbí kan ṣoṣo fọwọ́ sí ìwé láìbéèrè olórí ẹbí, ẹ̀bi ni. Ṣùgbọ́n lọ́yà tó yẹ gbogbo ibi tó yẹ kó yẹ̀ wò, tó kọ ewu tó rí sílẹ̀, tí ẹ sì kà á tí ẹ ní ẹ máa rà á bẹ́ẹ̀, kò jẹ yín ní gbèsè. Ẹni tó bá ṣe ayédèrú ìwé tí lọ́yà tó mọṣẹ́ kò lè tètè mọ̀, ẹni náà lẹ máa bá ṣẹjọ́. Èyí ló mú kí ohun tí ẹ bá jọ kọ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí ìwé tó ní kó dé ilé ẹjọ́, yóò ṣòro láti sọ pé ó kùnà torí pé kò débẹ̀.

Owó wá ńkọ́? Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin owó iṣẹ́ lọ́yà tuntun ní 2023. Ní ọjà Èkó, ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye ilẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ pín iṣẹ́ náà sí méjì. Ẹ dá owó àyẹ̀wò sọ́tọ̀, iye kan pàtó, tí ẹ máa san bí ẹ bá rà á tàbí ẹ kò rà á. Lẹ́yìn tí èsì bá jáde ni kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó deed àti ìforúkọsílẹ̀. Lọ́yà tí kò ní gba nǹkan kan àfi tí ẹ bá rà á, ó ṣòro fún un láti sọ fún yín pé kí ẹ má rà á. N kò ní kí ẹ fura sí ẹnikẹ́ni, bí wọ́n ṣe to owó náà ló ń fà á.

Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti gba ìwé ìdíyelé, tó to àwọn ohun pàtàkì tó ṣe lẹ́sẹẹsẹ, tó sì fọwọ́ sí. Owó ìjọba ní Aláúsá àti owó iṣẹ́ tirẹ̀, kó kọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó sì kó rìsíìtì ti ìjọba fún yín.

Kẹ́mi Ajáh
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ti èmi, ẹ́síteètì ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí ni. Ilé iṣẹ́ tó ń tà á ti ní lọ́yà tiwọn, wọ́n sì ti fi owó lọ́yà kún owó ìwé tí a máa san. Ṣé ó tún yẹ kí n gba òmíràn?

Àlàbá Ajẹ́ntì
Àǹtí Kẹ́mi, ó yẹ dáadáa. Ẹni tó sanwó lọ́yà kọ́ ni oníbàárà rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Lọ́yà tí ilé iṣẹ́ náà yàn, ilé iṣẹ́ náà ló ń ṣiṣẹ́ fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpò yín ni owó ti jáde. Kò jẹ yín ní gbèsè láti sọ fún yín pé charting tí wọ́n ṣe ti pẹ́, tàbí pé apá kan ẹ́síteètì náà bọ́ sínú ilẹ̀ ìjọba, tàbí pé àdéhùn náà gbà kí wọ́n gbé yín lọ sí pílọ́ọ̀tì mìíràn láìbéèrè lọ́wọ́ yín. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn wọ́pọ̀ nínú àdéhùn ẹ́síteètì. Lọ́yà tiyín ni yóò fi ìlà pupa fà á.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn ayálégbé. Ẹni tó bá gba ilé ní Yàbá tàbí Súrùlérè máa ń san owó àgíríméǹtì fún lọ́yà lándílọ́ọ̀dù, ó sì máa ń jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé, kọmíṣọ̀n ajẹ́ntì tún tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn wá rò pé lọ́yà àwọn ni. Kì í ṣe tiwọn. Kò ní sọ fún wọn pé òfin ayálégbé Èkó ti 2011 kò gbà kí wọ́n béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. (Òfin yẹn yọ Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀ o.)

Ajẹ́ntì náà kì í ṣe agbani-nímọ̀ràn. Mo wà nínú iṣẹ́ náà, mo sì ń sọ ọ́. Kọmíṣọ̀n wa kò wọlé àfi tí ẹ bá rà á. Ẹ gbọ́ tiwa nípa iye tí ilẹ̀ ń lọ ládùúgbò, ojú ọ̀nà tí omi ń gbà nígbà òjò, ohun tí ọmọ onílẹ̀ ń gbà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé, ẹ gbé e lọ fún ẹni tí ẹ sanwó fún láti wò ó.

Kẹ́mi Ajáh
Ó yé mi. Ọmọ onílẹ̀ tí ẹ wá dárúkọ yẹn, ṣé lọ́yà lè dá wọn dúró?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Kò lè dúró síbẹ̀ fún yín lọ́jọ́ tí ẹ bá da yanrìn. Òfin tó dáàbò bo ilẹ̀ àti ilé ní Èkó jáde ní 2016, ó sì sọ fífi agbára wọ ilẹ̀ onílẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè torí rẹ̀ ju èèyàn sẹ́wọ̀n. Lọ́yà lè kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ní Aláúsá. Àmọ́ ibi tó ti wúlò jù ni inú deed. Kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹbí ti gba gbogbo owó tó tọ́ sí wọn, tó fi dórí owó ìpìlẹ̀, ọgbà àti òrùlé, àti pé bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá tún wá gbowó, ẹbí ni yóò dá a padà. Ìwé kò lè dí ọ̀nà mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ ẹni tí ẹ máa dì mú.

Dúró Múṣin
Ìwé ìyọ̀ǹda Gómìnà wá ńkọ́? Lọ́yà kan ní òun yóò gbà á láàárín oṣù kan.

Agbẹjọ́rò Yàbá
Kò yẹ kó fún yín ní ọjọ́, torí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Láti ìgbà Land Use Act ní 1978, ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tó ti ní C of O fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda Gómìnà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù sọ ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, pé èyí tí kò bá ní in jẹ́ òfo. Ní 1995 wọ́n tún ṣàlàyé, nínú ẹjọ́ Awojugbagbe, pé ẹ lè kọ́kọ́ fọwọ́ sí àdéhùn kí ẹ tó lọ gba ìyọ̀ǹda. Àdéhùn náà kò kàn tíì pé ni. Nítorí náà ẹ má bẹ̀rù pé ẹ ti fọwọ́ síwèé, ṣùgbọ́n ẹ má fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ohun tó wà lọ́wọ́ lọ́yà ni kí ìwé náà pé lọ́jọ́ tó bá wọlé: Form 1C (fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè ìyọ̀ǹda náà), ẹ̀dà deed, sọ́fè, ẹ̀dà ìwé tí ẹni tó ń tà fi ní ilẹ̀, ìwé owó orí ti ẹni tó ń tà àti tiyín. Ìwé owó orí ẹni tó ń tà ni ó sábà máa ń dá iṣẹ́ dúró. Lẹ́yìn tó bá ti gbowó, ta ni yóò tún rí i? Lọ́yà tó mọṣẹ́ yóò gba ìwé owó orí, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù àti ìfọwọ́sí lórí Form 1C lọ́wọ́ rẹ̀ kí owó tó kúrò. Bí tiyín kò bá ṣe é, àìkíyèsí ni ìyẹn, ẹ sì lè bi í.

Owó ìyọ̀ǹda náà: Ìjọba Èkó dín in kù láti ìdá 13 sí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2015. Iye tí ìjọba fúnra rẹ̀ dá lé ilẹ̀ ni wọ́n máa fi ṣírò rẹ̀, kì í ṣe iye tí ẹ rà á. Kí lọ́yà fi sọ́kàn yín pé iye yẹn lè ju èyí tí ẹ rò lọ.

Fún Àbẹ̀kẹ́, tí ilẹ̀ tiyín kò tíì ní C of O, ẹ ní kí lọ́yà kọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà sílẹ̀ fún yín, ìwé tí yóò béèrè àti owó rẹ̀, kí ẹ tó ra ilẹ̀ náà. Owó ìwé wà lára owó ilẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Súrùlérè
Ọkàn mi ti balẹ̀ díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ sí lọ́yà tí a bá gbà? Báwo la sì ṣe máa mọ̀ pé lọ́yà tòótọ́ ni?

Agbẹjọ́rò Yàbá
Orúkọ gbogbo lọ́yà wà nínú ìwé Supreme Court, ó sì ní nọ́ńbà. NBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà ní Nàìjíríà, náà ní òǹtẹ̀ tí lọ́yà ń lẹ̀ mọ́ ìwé, nọ́ńbà yẹn wà lórí rẹ̀. Ẹ béèrè fún un, ẹ sì bi ẹ̀ka NBA tó wà nítòsí: Èkó, Ìkẹjà, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́, Bádágìrì ní tiwọn. Lọ́yà gidi kò ní bínú.

Ohun tí ẹ máa kọ kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan lọ. Ẹ lè kọ báyìí: "A fẹ́ kí ẹ yẹ ilẹ̀ tó wà ní ibi báyìí wò. Sọ̀féyọ̀ wa yóò fún yín ní coordinates. A fẹ́ kí ẹ dé ilé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀, ilé ẹjọ́ ní Ìkẹjà àti Ìkòròdú, kí ẹ wo gàsẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì rí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdí-igi lójúkojú. Ẹ kọ èsì fún wa kí a tó sanwó fún ẹnikẹ́ni: ibi tí ẹ dé, ọjọ́ tí ẹ débẹ̀, ohun tí ẹ rí, ohun tí ẹ kò lè rí àti ìdí rẹ̀, ewu tó kù, àti bóyá ẹ̀yin yóò gbà wá níyànjú láti rà á. Ẹ sọ fún wa bí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ rí fún ẹbí náà tàbí ajẹ́ntì wọn." Ìlà tó kẹ́yìn yẹn, ẹ má yọ ọ́. Lọ́yà kò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn ẹni tó ń tà kó tún wà lẹ́yìn yín láìjẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ẹ̀yin náà ní ojúṣe. Ẹ má fi ohunkóhun pamọ́. Bí ẹ bá ti fún ajẹ́ntì ní owó ìdúró, ẹ sọ. Bí ẹnìkan bá ti kìlọ̀ fún yín nípa ilẹ̀ náà, ẹ sọ. Lọ́yà kò lè tú ohun tí kò mọ̀ pé ó so, ohun tí ẹ bá sì sọ fún un, àṣírí ni lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá fi owó ilẹ̀ sọ́wọ́ rẹ̀, kó wà nínú àkáǹtì oníbàárà tó yàtọ̀ sí tirẹ̀, kó sì kọ ìwé fún yín. Nígbà tí ẹ bá máa sanwó fún ẹbí, báńkì ni kó gbà, sí orúkọ tó wà nínú deed. Kì í ṣe àkáǹtì ajẹ́ntì, kì í ṣe owó ọwọ́.

Àlàbá Ajẹ́ntì
Ẹ fi èyí kún un: bí lọ́yà bá ná owó yín tàbí tó kọ̀ láti fún yín ní ìwé yín, NBA ni ẹ máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Wọ́n lè gbé e dé ìgbìmọ̀ tó ń bá lọ́yà wí, ìgbìmọ̀ yẹn sì lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Bó bá jẹ́ pé owó iṣẹ́ tí kò ṣe ni ẹ fẹ́ gbà padà, tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, Small Claims Court Èkó (ilé ẹjọ́ fún gbèsè kéékèèké) wà láti 2018, ẹ lè dá lọ fúnra yín.

Awọnlẹ̀ Ìkòròdú
Ọ̀rọ̀ ọjọ́ nìkan ló kù tí mo fẹ́ fi kún un, torí èmi àti lọ́yà jọ máa ń rí i pé oníbàárà kò kà á sí. Èsì charting àti èsì ilé ìforúkọsílẹ̀, ti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni. Bí ó bá ju oṣù kan lọ láàárín èsì àti ọjọ́ tí ẹ máa sanwó, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì máa fọwọ́ síwèé, ẹ jẹ́ kí sọ̀féyọ̀ tún dé ojú ilẹ̀, kó fi nọ́ńbà pílà tó wà lórí ilẹ̀ wé èyí tó wà nínú deed. Pílà tí wọ́n bá ti hú kúrò tí wọ́n sì tún rì sí ibòmíràn, sìmẹ́ńtì àti ilẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń dà bíi tuntun.